Ohun Tí Àwọn Ará Ìlú Ń Fi Owó Rà Padà

 Ọ̀rọ̀ irúgbìn, ajílẹ̀ àti kòkòrò ajẹ̀gbìn ni a sábà máa ń bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn yìí. Lónìí mo tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀ nípa irinṣẹ́ kan tí gbogbo àgbẹ̀ ní, tí ó ju àdá àti ọkọ́ lọ, tí a kì í sì í sábà mẹ́nu bà, èyíinì ni ara àgbẹ̀ fúnra rẹ̀. Èrò tèmi ni mo fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ti ń kọ ebè kí wọ́n tó bí mi, nítorí náà bí ọmọ ṣe ń bá àwọn bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni kí ẹ ṣe gbọ́ ọ.

Ìlú Kàdúná ni iṣẹ́ gbé mi dé. Ẹni tí ó bá jí ní kùtùkùtù ọjọ́ Sátidé tí ó sì gba ẹ̀gbẹ́ pápá ńlá tí à ń pè ní Murtala Square kọjá, yóò rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ń rìn kánmọ́kánmọ́, tí àwọn mìíràn sì ń sáré yí pápá náà po. Òṣìṣẹ́ ìjọba wà nínú wọn, oníṣòwò wà níbẹ̀, ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, àwọn ìyá tí wọ́n ti ní ọmọ-ọmọ náà kò sì gbẹ́yìn. Bàtà kánfáàsì wà ní ẹsẹ̀ wọn, òógùn sì bò wọ́n bí ẹni tí ó ń kọ ebè ní oṣù Ẹrẹ́nà.

Ní àìpẹ́ yìí, bàbá àgbẹ̀ kan tí ó wá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ kan láti ìhà Ọ̀fadà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, dé sí ilé mi. Mo mú un lọ wo pápá yìí. Ó dúró, ó fọwọ́ sẹ́yìn, ó wò wọ́n títí. Ó wá bi mí pé, "Ọmọ mi, kí ni ó ń lé wọn?" Mo ní kò sí ohun tí ó ń lé wọn, dókítà ni ó sọ fún púpọ̀ nínú wọn pé kí wọ́n máa sáré. Bàbá náà mi orí, ó ní, "Ṣé dókítà náà kò mọ ibi tí oko wà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti ibẹ̀ a yà sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ fún àwọn tí dókítà ti kìlọ̀ fún nípa ohun tí wọ́n ń jẹ. Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ nínú ohun tí a bá lórí pẹpẹ. Àchà wà níbẹ̀, ọkà wẹ́wẹ́ tí àwọn ará gúúsù Ìpínlẹ̀ Kàdúná ti ń gbìn láti ayébáyé, tí àwọn Òyìnbó ìgbà kan ń fojú tín-ín-rín pé ìrẹsì ìgbà ebi ni. Ìyẹ̀fun ewé zogale, èyí tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ sí mòríńgà, wà nínú ìgò kékeré. Ọkà bàbà wà, oyin wà, irú gbígbẹ wà nínú ọ̀rá. Ní igun kan, bàbá náà rí ìrẹsì Ọ̀fadà tí wọ́n dì sínú àpò kékeré. Ó bèèrè iye rẹ̀, ó sì tún bèèrè lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ó rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa ni. Ìgbà tí a dé ilé ni ó tó jẹ́wọ́ fún mi pé òun kì í fi Ọ̀fadà sílẹ̀ fún ilé òun. Gbogbo rẹ̀ ni òun ń tà. Ìrẹsì funfun alápò ni òun àti ìdílé òun ń jẹ, nítorí pé ìyẹn ni ó bá ayé mu.

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí kò kúrò lọ́kàn mi, òun ni ó sì mú kí n gbé gègé. Àwọn ará ìlú ń sáré yí pápá ká, wọ́n sì ń fi owó gọbọi ra oúnjẹ, kí ohun tí wọ́n pàdánù nígbà tí wọ́n fi oko sílẹ̀ lè padà sí ọwọ́ wọn. Àwa tí a ṣì wà ní oko, tí nǹkan náà wà lọ́wọ́ wa láìsan kọ́bọ̀, àwa ń jù ú nù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ lè sọ pé àsọdùn ni, pé ta ni yóò sọ fún àgbẹ̀ kí ó wá ṣe eré ìdárayá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi máa ń sọ. Àgbẹ̀ iṣu ni, ara rẹ̀ le bí igi ìrókò, kò fa sìgá, kì í sì í mu ọtí. Bí a bá ní kí ó lọ wọn ìfúnpá rẹ̀, yóò ní, "Ta ni ó ń kọ ẹgbẹ̀rún ebè tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru?" Ní ọjọ́ kan, ó ṣubú sí àárín ebè rẹ̀. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbé mọ́, ọ̀rọ̀ sì lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, nọ́ńbà tòkè ju 200 lọ. Ẹni ọdún 61 ni nígbà náà.

Ìgbà tí ìdààmú náà rọlẹ̀ díẹ̀ ni èmi àti àwọn àbúrò mi tó jókòó tí a ro bí ó ṣe ń gbé ayé rẹ̀. Máìlì mẹ́rin ni ó wà láàárín ilé rẹ̀ àti oko. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹsẹ̀ ni a fi ń lọ, ẹsẹ̀ ni a sì fi ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ó ti ń gun alùpùpù. Ẹgbẹ̀rún ebè tí ó ń fi yangàn, àwọn alágbàṣe ni wọ́n ń kọ ọ́. Òun a dúró lábẹ́ igi, a máa tọ́ka. Oògùn apakoríko ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àdá. Ní oríta, kí ó tó wọ oko, búrẹ́dì àti mínírà tútù ni ó fi ń ṣí ẹnu, níbi tí ẹ̀kọ àti àkàrà wà tẹ́lẹ̀. Ní alẹ́, iyán ńlá ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí mágì mẹ́ta ti wà nínú rẹ̀, yóò sì tún bu iyọ̀ sí i kí ó tó tọ́ ọ wò rárá. Orúkọ àgbẹ̀ ni ó kù fún un. Ìgbé ayé ará ìlú ni ó ń gbé, kò sì mọ̀.

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí kò sàn jù ú lọ. Mo bá àwọn àgbẹ̀ kòkó kan gun òkè lọ sí oko wọn ní ìtòsí Ìdànrè. Bàbá tí ó ṣáájú wa yóò tó ẹni àádọ́rin ọdún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dúró mí kanlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá náà sì padà wá dúró dè mí. Ní ìgbà kẹta, ó bá mi gbé àpò ìwé tí mo fẹ́ fi kọ́ ọ ní iṣẹ́. Mi ò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Àga ọ́fíìsì àti ìjókòó mọ́tò ni wọ́n sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni èmi pẹ̀lú ti wà lára àwọn tí ẹ ó bá ní Murtala Square.

Ohun kan tún wà tí mo ní láti jẹ́wọ́. Àwa olùkọ́ àgbẹ̀ ni a kọ́ yín bí a ṣe ń fọ́n oògùn apakoríko, àwa ni a ní kí ẹ máa fi katakata ro ilẹ̀. N kò kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí ọkọ́ ti ba ẹ̀yìn àwọn bàbá wa jẹ́ tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ara, a kò rántí sọ fún yín pé ara yóò béèrè òmíràn. Àṣìṣe tiwa nìyẹn.

Kì í ṣe ìtàn ìdílé mi nìkan ni ó fi èyí hàn. Ní 1997, àwọn onímọ̀ kan tí Richard Cooper ti Yunifásítì Loyola ní Chicago ṣáájú wọn tẹ èsì ìwádìí ńlá kan jáde. Wọ́n wọn ìfúnpá àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ju 10,000 lọ, gbogbo wọn ni orírun wọn sì jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, níbi tí wọ́n ti dé Igbó-Ọrà ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ènìyàn 16 nínú 100 ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì, 26 ni. Ní Amẹ́ríkà, 33. Ìran kan náà ni wọ́n, àwọ̀ wọn bára mu, ṣùgbọ́n bí ara wọn ṣe ń tóbi sí i láti ibì kan dé ibòmíràn ni ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń pọ̀ sí i. Ibi tí ènìyàn ń gbé àti bí ó ṣe ń gbé ibẹ̀ ni ó fa ìyàtọ̀ náà. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé pé 16 kì í ṣe òdo. Ní Igbó-Ọrà pàápàá, àgbẹ̀ wà láàárín àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru.

Ní ti ìjókòó, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n kọ́kọ́ là wá lójú. Ní 1953, dókítà kan tí ń jẹ́ Jerry Morris kọ̀wé nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ìlú náà. Inú ọkọ̀ kan náà ni awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń ti ṣiṣẹ́. Awakọ̀ jókòó láti àárọ̀ di alẹ́. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn lókè sódò láti gba owó. Àrùn ọkàn ń pa àwọn awakọ̀ ju àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ. Nígbàkúùgbà tí mo bá rí àgbẹ̀ lórí alùpùpù láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ìdí ebè rẹ̀, ọ̀rọ̀ awakọ̀ yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Àpẹẹrẹ mìíràn wà ní ìtòsí wa níhìn-ín ní òkè ọya. Wàrà àti ọ̀rá ẹran kò wọ́n lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní darandaran, ó sì yẹ kí ọ̀rá ti dí iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn pa. Ní 2001, àwọn olùwádìí tẹ ìwé jáde nípa Fúlàní abúlé ní àríwá Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì agbára inú oúnjẹ wọn tí ó ń ti inú ọ̀rá wá, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní ìwọ̀n ọ̀rá tí ń pa ọkàn lára. Àwọn olùwádìí náà ní ohun tí ó fa èyí ni pé wọ́n ń rìn púpọ̀, wọn kì í sì í jẹun jù. Ẹ wo àwọn obìnrin tí wọ́n ń ru igbá fura àti nono wọ Kàdúná ní òwúrọ̀: tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, ẹsẹ̀ wọn kò sì sinmi. N kò ní kí ẹ lọ máa mu ọ̀rá o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ara tí ń rìn lè gba ohun tí yóò pa ara tí ó jókòó.

Ìwádìí kẹrin ni ó bà mí lẹ́rù jù. Ní 2015, àwọn onímọ̀ jẹ́ kí ogún ènìyàn dúdú láti Amẹ́ríkà àti ogún ará abúlé láti Gúúsù Áfíríkà ṣe pàṣípààrọ̀ oúnjẹ. Àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ oúnjẹ oko, ẹ̀wà àti ọkà. Àwọn ará abúlé jẹ ẹran púpọ̀ àti ọ̀rá bíi ti Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. Nígbà tí wọ́n yẹ ìfun wọn wò, àwọn àmì tí ó máa ń ṣáájú jẹjẹrẹ ìfun ti ń dínkù lára àwọn ará Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti ń yọjú lára àwọn ará abúlé. Àsìkò tí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kò tíì tó já!

Ẹ jẹ́ kí a wá wo inú ìkòkò. Iyọ̀ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni ó sún mọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má ṣe tó gíráàmù 5, èyí tí kò ju ṣíbí tíì kan lọ. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ nìkan kọ́ ni a ń sọ o. Ti inú búrẹ́dì wà níbẹ̀, ti inú mágì náà sì wà níbẹ̀, nítorí pé iyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú mágì. Kán-ún tí a ń fi sí ewédú àti ẹ̀wà kí ó lè tètè rọ̀, ìbátan iyọ̀ ni òun pẹ̀lú, ohun kan náà ni ó sì ń ṣe sí ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe pé kí ẹ má jẹ iyọ̀ rárá, nítorí iyọ̀ tí wọ́n fi áyódìn sí ni kò jẹ́ kí gẹ̀gẹ̀ yọ lọ́rùn àwọn ọmọ wa. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé bí mágì bá ti wọ inú ìkòkò, kí iyọ̀ dúró síta. Kí mágì mẹ́ta di méjì, kí méjì di ẹyọ kan, kí irú sì gba ipò rẹ̀ padà. Ní ọjà Kàdúná, irú náà ni wọ́n ń pè ní daddawa, òkítì òkítì ni wọ́n sì ń kó o sílẹ̀. Ahọ́n yóò kọ́kọ́ ṣàròyé. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yóò gbà.

Lẹ́yìn iyọ̀, òkèlè. A fẹ́ràn òkèlè ńlá pẹ̀lú ọbẹ̀ kékeré. Ẹni tí ó ń kọ ebè láti àárọ̀ di ọ̀sán lè jẹ iyán bí òkè, yóò sì rí ibi lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí alágbàṣe bá kọ ebè fún, tí ó sì jẹ iyán ẹni tí ó kọ ebè, inú ara rẹ̀ ni iyán náà yóò jókòó sí. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewédú, ilá, ẹ̀bọ̀lọ̀ tí ń hù fúnra rẹ̀ ní etí oko, kò sí èyí tí ó ní owó lórí lára wọn fún ẹni tí ó ni oko. Àchà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ pàápàá, mo ti rí alátọ̀gbẹ tí ó rọ́ ọ bí òkìtì nítorí pé wọ́n sọ fún un pé oògùn ni. Oúnjẹ ni, kì í ṣe oògùn, ìwọ̀n ni a fi ń jẹ ẹ́.

Ní ti mínírà, ṣúgà inú ìgò ńlá kan lè ju ṣíbí tíì mẹ́wàá lọ. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n fi òfin ìnáwó 2021 gbé owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Zóbò tí a fi ìsápá pupa ṣe sàn jù, bí ẹ kò bá da ṣúgà bí iyẹ̀pẹ̀ sí i. Omi sàn ju méjèèjì lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni ti àwọn ọmọ wa. Mo mọ ìyá àgbẹ̀ kan tí ó máa ń ta gbogbo ẹyin adìyẹ rẹ̀ àti gbogbo ẹ̀wà rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà, tí ó sì ń fi nínú owó náà ra páálí indomí bọ̀ wá sílé fún àwọn ọmọ. N kò bá a wí, nítorí owó ilé ìwé àti owó oògùn kò gba ẹyin, owó ni wọ́n ń gbà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín: ǹjẹ́ àgbẹ̀ kan wà nínú yín tí ó máa ń ta iṣu tán láì yọ èbù sílẹ̀? Kò sí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tí ó ta èbù ti ta ọdún tí ń bọ̀. Bí ẹ ṣe ń yọ èbù ni kí ẹ máa yọ ìpín ilé kí ẹrù tó kúrò nílé lọ sí ọjà: ẹyin mélòó kan, kóńgò ẹ̀wà mélòó kan, Ọ̀fadà díẹ̀ tí kò ní dé àpò oníbàárà. Kí ìpín náà jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà, bí ó ti wù kí owó ọjà gbé pẹ́ẹ́lí tó.

Ẹni tí ẹyin bá wọ́n fún lè gbin sóyà. Nínú gíráàmù 100 èso sóyà gbígbẹ, nǹkan bí 40 ni èròjà tí ń mú ara dàgbà, kò sì sí ẹ̀wà wa kan tí ó súnmọ́ ọn. Ìpínlẹ̀ Kàdúná jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń gbìn ín jù. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń fi ṣe àwárà, tí ó jọ wàrà wa gan-an, wọ́n sì ń dín in tà ní gbogbo ìkóríta. Ní ilẹ̀ wa náà, láti 1987 ni IITA àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ìyá ní abúlé bí a ṣe ń fi sóyà ṣe irú, wàrà àti ẹ̀kọ. Ẹ rí i pé ó jinná dáadáa, nítorí sóyà tútù ń da inú rú. Ẹ̀gẹ́ oníyọ̀ọ́ tí ó ní fítámì A pẹ̀lú, èyí tí wọ́n fi lé àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà lọ́wọ́ ní 2011, yẹ ní ibi kékeré nínú oko gbogbo ilé tí ọmọ kékeré wà.

Ìrìn ni ó kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìmọ̀ràn rẹ̀ ti 2020, ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ lo ara rẹ̀ débi tí èémí rẹ̀ yóò yára díẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ìdajì wákàtí lóòjọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Àgbẹ̀ tí ó ń roko pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà òjò, kò sì nílò ẹ̀kọ́ kankan lọ́wọ́ mi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó yẹ kí a bojú wò, nígbà tí ìkórè bá ti parí, tí ọpọ́n ayò bá jáde, tí a sì jókòó sí abẹ́ igi kan náà láti oṣù Ọ̀pẹ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀. Owó ìkórè wà lọ́wọ́ nígbà náà, oúnjẹ pọ̀, ayẹyẹ pọ̀, iṣẹ́ kò sí. Ẹ fi alùpùpù sílẹ̀ nílé ní ọjọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀. Bí oko bá jìnnà jù, kí ẹni tí ó gbé yín sọ̀ yín kalẹ̀ ní máìlì kan sí oko. Mo mọ̀ pé ní àkókò tí a wà yìí, ọ̀nà oko kò fararọ ní ibi púpọ̀, pàápàá ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ní Kàdúná. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má dá rìn, kí a sì má rìn nínú òkùnkùn. Ẹni tí ọ̀nà oko bá léwu fún lè rìn yí ìlú ká ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá bi yín pé kí ni ó ń lé yín, ẹ ti mọ ìdáhùn.

N kò bá àwọn ìyá wa sọ ọ̀rọ̀ ìrìn yìí rárá. Obìnrin tí ó pọn omi ní àárọ̀, tí ó gbin ẹ̀pà ní ọ̀sán, tí ó ru igi bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì tún gúnyán ní alẹ́, kì í ṣe ìdárayá ni ó nílò, ìsinmi ni. Ọ̀rọ̀ tèmi fún ọkọ rẹ̀ ni pé kí ó bá a ru igi náà. Ìdárayá tirẹ̀ nìyẹn. Kí ó sì rí i pé ẹran àti ẹyin inú ọbẹ̀ kò parí sí inú àwo bàálé ilé, pàápàá bí ìyàwó bá lóyún tàbí tí ó ń fún ọmọ lọ́mú.

Àwọn kan yóò ṣe gbogbo èyí, ẹ̀jẹ̀ wọn yóò sì ru síbẹ̀, nítorí àjogúnbá tàbí nítorí ọjọ́ orí. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn. Kò sí orí fífọ́, kò sí òòyì, títí di ọjọ́ tí yóò gbé ènìyàn ṣubú. Wíwọ̀n nìkan ni a fi ń mọ̀ ọ́n, kì í sì í gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ ní ilé ìtọ́jú ìlera tí ó wà ní àdúgbò yín. Bí nọ́ńbà tòkè bá tó 140 tàbí tìsàlẹ̀ bá tó 90, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n tún un wọ̀n ní ọjọ́ mìíràn, ẹ tọ dókítà lọ. Bí ó bá fún yín ní oògùn, ẹ má ṣe dá a dúró nítorí pé ara yín ti yá, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àgbo pààrọ̀ rẹ̀ fún yín. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ púpọ̀ ni wọ́n ti dá owó ra ẹ̀rọ ìfọ́nkoríko tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń lò. Èrò mi ni pé kí wọ́n dá owó bẹ́ẹ̀ ra ẹ̀rọ kan tí a ń so mọ́ apá, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ́ bí a ṣe ń lò ó ní ilé ìtọ́jú ìlera, kí wọ́n sì máa wọn gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ ìpàdé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ owó. Ẹgbẹ́ tí ó bá ṣe é, kí wọ́n kọ̀wé sí wa, a ó fẹ́ mọ bí ó ṣe rí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, apá rẹ̀ kò tíì padà tán. Ó ń lo oògùn rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ti gbé iyọ̀ kúrò lórí tábìlì. Ní àràárọ̀, ó ń fi ọ̀pá rìn yí ọgbà iṣu rẹ̀ po. Èkùrọ́ mẹ́wàá wà nínú àpò ọmọ-ọmọ rẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yí i ká ẹ̀ẹ̀kan, ọmọ náà a ju ọ̀kan sílẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí i ní oṣù tó kọjá, bàbá ní ọmọ náà ń rẹ́ òun jẹ, pé ó ń fi èkùrọ́ kún un.